Ẹni Tí Àbúrò Wa Yàn ní Kóòtù

                                        Ojúlé Kẹfà,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Kóòtù.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín, ṣé ó ti fúyẹ́? Àlàáfíà la wà níbí, àárò yín ló kàn ń sọ wá ṣáá.

Òfin tuntun tí a ń retí ti jáde o! Ṣé ẹ rántí lẹ́yìn tí Màámi kú, tí a lọ sí kóòtù nítorí àbúrò wa? Akọ̀wé kóòtù ń ka "dìndìnrìn" sí i lórí, wọ́n sì fi mí ṣe alágbàtọ́ rẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù lé mi lọ́wọ́. Ẹ sunkún jáde, ẹ wọkọ̀, ẹ ò sì tíì fẹsẹ̀ kan ilé láti ìgbà náà.

Wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ burúkú yẹn kúrò. "Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tirẹ̀" ni òfin ń pè é báyìí. Kò sí alágbàtọ́ mọ́, olùrànlọ́wọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì yàn án.

Wọ́n pè wá lọ́jọ́rú. Mo múra dáadáa, mo ti mọ̀ pé èmi ni. Ta ló ń se oúnjẹ rẹ̀? Ta ló ń sìn ín dé lọ́ńdírì tó ti ń lọ aṣọ? Àbúrò wa, Ọ̀gá Áyọ́ọ̀nù yín, kọ́kọ́ sọ fún adájọ́ pé wọn ò lọ kọ́là ẹ̀wù adájọ́ náà dáadáa. Adájọ́ alára rẹ́rìn-ín. Ó wá bi í pé ta ló fẹ́.

Ẹ̀yin ló dárúkọ.

Háà! Ó dùn mí wọra. Nígbà tí a délé tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Sìsítà, ẹ̀yin kúkú wà nílé. Tí mo bá dárúkọ Àǹtí, adájọ́ á ní kí wọ́n wá."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n o! Gbogbo lẹ́tà tí mo ti ń kọ pé kí ẹ wá, n kò rí irú ọgbọ́n yìí dá.

Ìparí oṣù yìí ni adájọ́ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Tí ẹ ò bá wá, wọ́n á ní kó yan ẹlòmíì. Ojú yín ń wù mí í rí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ń sọ fún un pé ẹ ò ráyè títí ó fi sú mi. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò ní í wá lóòótọ́, ẹ wá sọ ọ́ fún un fúnra yín.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wọ̀nà,
Aránṣọ.