Kànga-dẹ̀rọ tó ní òun gbẹ́ ní Ìsẹ́yìn

Ìyàndá àbúrò mi,

Ẹja gbígbẹ tí mo jẹ ọ́ nítorí èlùbọ́ ti wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Gbèsè ti tán, ó wá ku kí n kí ọ, kí n kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti rọlẹ̀. Ruqoyah ti bímọ, ọkùnrin ni.

Mukaila tó ń du ipò kánsẹ́lọ̀ ní Boundary níbí, l'Ajégúnlẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ìpolongo rẹ̀ pé òun gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ sẹ́yìn ọjà yín ní Ìsẹ́yìn, òun á sì gbẹ́ irú rẹ̀ fún wa. Efe aládùúgbò mi fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù.

Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti gbà báyìí?"

Mo ní, "Ẹnu ẹ̀rọ ni mo rí, mi ò rí omi."

Igba náírà là ń ra kẹ́ẹ̀gì omi kan níbí, ìbò kan ṣoṣo ni mo sì ní. Jọ̀ọ́, lọ wò ó. Má bi ará ilé rẹ̀, wọ́n á yìn ín. Àwọn tó ń pọnmi ni kí o bi, kí o sì fọwọ́ ara rẹ ṣí ẹ̀rọ náà.

Ọlọ́hun á máa ṣọ́ yín. Sátidé la máa dìbò; Ọjọ́bọ̀ ni èmi Sàlímọ́tù ń retí èsì rẹ.