Ogún Bàbá Àkàngbé Tó Wà ní Ìjọrà

Ilé Àkàngbé,
Ìdí-Ọdán, lọ́nà Ìkìrun.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì ìpàdé ẹbí, 1988.

Ọládèjì ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí yàrá tí ò ń sùn ní Yábà, mo kí onílé tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbọ́ pé òrùlé rẹ̀ ń jò. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ? Ọlọ́run tó mú ọ wọ Èkó tí kò jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì kò ní í gbójú kúrò lára rẹ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún tó ń dun ìyá rẹ ti fi ọ̀tún sílẹ̀, ó ti bọ́ sí òsì. Àgbàdo gbó dáadáa lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan nínú wọn kì í gbọ́ràn, ibi tí pàǹtí bá wà ló máa ń lọ sùn sí, ìyá rẹ sì ti sọ ọ́ ní Ọládèjì.

A rí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti jù ọ́ sẹ́wọ̀n ni, nítorí ẹ̀wù kan náà ni gbogbo yín wọ̀, ẹ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ńlá kan, ojú gbogbo yín sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá rẹ ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun ló wà lábẹ́ ìdọ̀tí yẹn, ló bá mú kànrìnkàn àti ọṣẹ, ó fọ ojú rẹ nínú fọ́tò náà, ó fọ̀ ọ́ títí ojú náà fi ṣí kúrò lára ìwé. Ní báyìí irin náà nìkan ló kù níbẹ̀, ìwọ ti lọ. Ó gbé e kọ́ sára ògiri bẹ́ẹ̀ náà, ó ní bóyá ìgbà tó o bá tún wẹ̀, ojú rẹ á padà wá.

Ọládèjì, oko kòkó tó wà létí odò ni mo tà tó o fi kàwé ẹ̀rọ ní Yábà. Mo rò pé wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan tuntun ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń fi ọjọ́ Sátidé wá ìyàwó, ìwọ tó ń tún fíríìjì ṣe ní Súrùlérè láti Ajé dé Ẹtì, tó yẹ kó o fi Sátidé sinmi, Ìjọrà lo máa ń lọ, ìwọ àti àwọn tó pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Ọkọ̀ Àtijọ́, ẹ lọ ń ha ìpatà lára orí rélùwéè tí gbogbo ayé ti pa tì. O kọ ọ́ fúnra rẹ pé láti ìgbà tí ọkọ̀ tó ń mu epo ti dé ni ọkọ̀ yẹn ti wà nínú igbó, pé igi ọ̀pọ̀tọ́ hù nínú rẹ̀, pé inú ibi tí wọ́n ti ń dáná ni alángbá ń gbé. Alángbá gbọ́n jù yín lọ. Ó ti mọ̀ pé iná kò ní í jó níbẹ̀ mọ́, ó kó ẹrù rẹ̀ wọlé.

O tún ní ẹ yọ gbogbo ọ̀pá tó wà nínú ikùn rẹ̀, ẹ kó o lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Pápá Àjàó tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ó gé òmíràn fún yín. Ó ku ibi tó dùn jù. O ní ẹ wá rọ omi tútù kún ìkòkò ńlá tó máa ń se omi nínú rẹ̀, ẹ dé e pinpin, ẹ ń fi ẹ̀rọ ti omi mọ́ omi, ẹ kò dá iná kankan, ẹ kàn ń wò ó bóyá yóò jò. Mo ka ibẹ̀ sókè fún ìyá rẹ. Ó ní ẹni tó bá ń se omi láìdáná, ebi ni yóò pa á. Ó ní òun náà ní ìkòkò kan tó ń jò nílé ìdáná, o kò fi ọjọ́ kan wò ó rí. O sọ fún wa pé aago kan wà lára ọkọ̀ náà tí kì í ka wákàtí, agbára omi ló ń kà, àti pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá kọjá àmì pupa, kí gbogbo yín sá. Irú aago wo nìyẹn? Aago tí kò lè sọ fún ọ pé ilẹ̀ ti ṣú kó o lọ jẹun, ìsákúsàá ló ń kọ́ ọ.

Nígbà tí ọkàn ìyá rẹ kò balẹ̀, mo wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo kí n fi tẹlifóònù bá ọ sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà Rosaline tó ń ta oògùn nísàlẹ̀ ilé rẹ ni mo fún àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù. Wọ́n gbé e lé mi létí. Mo ṣí fìlà, mo kí Rosaline, mo kí ọkọ rẹ̀, mo béèrè ọmọ, mo béèrè ọjà. Ohun tí mo ń gbọ́ ni tùù, tùù, tùù. Mo tún kí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Tùù, tùù. Mo ti gbọ́ pé àwọn ará Èkó kò mọ àgbà, ṣùgbọ́n kí obìnrin dúró ní Yábà kó máa tutọ́ sí àgbàlagbà létí dé Òṣogbo, ìyẹn ti pọ̀ jù. Sọ fún un pé mo ti dárí jì í, ṣùgbọ́n n kò ní í ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ láé.

Ohun tó mú mi mú gègé gan-an nìyí, kó o fara balẹ̀ kà á. Nínú lẹ́tà rẹ, o kọ ọ́ pé nígbà tí ẹ ha ìpatà tán, nọ́ńbà tó jáde lára ọkọ̀ náà ni nọ́ńbà tí Bàbá Àkàngbé fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára ilẹ̀kùn yàrá wọn, pé ọkọ̀ tí bàbá mi ń da èédú sí nígbà ayé wọn nìyẹn. O ní ọkọ̀ náà ti kú, àwọn ará rélùwéè ti fi í lé ọ lọ́wọ́, o sì fẹ́ jí i dìde. Mo ka èyí sókè lójú Àmúdàtù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Tejúòṣó, tó wá kí wa nílé. Ìwọ náà mọ Àmúdàtù, ọ̀rọ̀ kì í sùn nínú rẹ̀. Kí n tó ká lẹ́tà náà pọ̀ sínú àpò, gbogbo ìdílé ti gbọ́ pé ogún Bàbá kan wà ní Ìjọrà tí Ọládèjì fẹ́ dá jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi Abọ́dúndé tó jẹ́ olórí ẹbí pe ìpàdé ní àná. Ẹ̀gbọ́n mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yìí, “ó” ni n óò máa pè é, nítorí inú ń bí mi. Ó dìde, ó ní nígbà tí Bàbá kú, a pín ilé, a pín oko, a pín ẹ̀wù àti àga, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, Bàbá kì í pè é ní ọkọ̀ ìjọba, “ọkọ̀ mi” ni wọ́n máa ń pè é, gbogbo wa la gbọ́. Ó ní ìjọba ló gbé e pa mọ́, ọkàn wọn wá dá wọn lẹ́bi, wọ́n wá ọmọ ilé yìí kàn, wọ́n dá a padà fún un. N kò lè purọ́, ọ̀rọ̀ náà tọ́ lójú mi. Ọkọ̀ Bàbá ni. Bí wọ́n ṣe pín in ló ń dùn mí.

Ìdí igi mẹ́rin ni wá, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tí Bàbá fẹ́. Abọ́dúndé kọ́kọ́ mú fún ìdí igi tirẹ̀, ó mú ìkòkò ńlá inú ọkọ̀ náà, ó ní òun á gbé e sórí òrùlé òun kí ó máa gba omi òjò. Òrùlé tí ẹyẹlé méjì bà lé lóṣù tó kọjá tí igi kan fi kán! Ìdí igi kejì mú àwọn ẹsẹ̀ irin rẹ̀, wọ́n ní àwọn á fi ṣe ẹ̀rọ ìlọta. Ìdí igi kẹta mú ọ̀pá èéfín, wọ́n fẹ́ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Wọn kò ní ìyẹ̀fun, wọn kò ní ààrò, wọn kò mọ búrẹ́dì í ṣe, ọ̀pá èéfín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan èmi, tó jẹ́ èmi nìkan ni ìyá mi bí, Abọ́dúndé rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fún Oyèwọlé ní fèrè, ó fẹ́ràn ariwo.

Fèrè! Mo dìde, mo ní kí ni kí n fi fèrè ṣe, ṣé rẹfirí bọ́ọ̀lù ni mí? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àmúdàtù náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn tó jẹ iṣu wa tán.

Ìyá mi ló sọ̀rọ̀. Àwọn nìkan ló kù nínú àwọn ìyàwó Bàbá, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pàápàá. O kò bá Bàbá láyé, nítorí náà jẹ́ kí n sọ fún ọ. Nígbà tí ọkọ̀ wọn bá ń kọjá lẹ́yìn oko wa, fèrè rẹ̀ á ké, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ nílé, nítorí ìyálé á ní òun ló ń kí, ìyàwó kejì á ní òun ni, ẹ̀kẹta á tún aṣọ ró, á ní kí wọ́n jọ wọ̀yá ìjà. Ìyá mi tó kéré jù kì í dá sí i. Wọ́n á kàn gbé ọbẹ̀ kaná.

Ní àná, ìyá mi bi Abọ́dúndé bóyá a máa ń pín ogún ẹni tó wà láàyè nínú ìdílé yìí. Ó ní rárá, èèwọ̀ ni. Ìyá mi ní ta ló wá sọ fún un pé ọkọ̀ náà kú? Ó ní lẹ́tà Ọládèjì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní lẹ́tà yẹn kan náà ló sọ pé ọmọ náà ń jí i, ẹni tí a bá sì ń jí, oorun ló ń sùn, ẹni tó bá ń pín ẹrù ẹni tó sùn, olè là ń pè é. Abọ́dúndé ní kí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ wá jẹ́rìí pé òun wà láàyè.

Bí wọ́n ṣe wá parí rẹ̀ nìyí. O ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ dáná sí i kó rìn láti Ìjọrà dé Yábà. Gbogbo ẹbí á wà níbẹ̀. Bó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Yábà, ó wà láàyè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá dúró sójú kan, òkú ni, oníkálukú á tú ìpín tirẹ̀. Abọ́dúndé ti háyà lọ́rì àti alágbẹ̀dẹ méjì. Mo bi í pé máígádì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà rélùwéè ńkọ́, ó ní òun á fi fìlà rélùwéè tí Bàbá dé hàn án, kò sì sí máígádì tí kò ní bàbá.

Nítorí náà, má fi omi tútù ṣeré mọ́. Dáná! Bí èédú kò bá tó, sọ fún Àmúdàtù, ó ní aṣọ tí kò tà. N kò gbà pé ọkọ̀ náà yóò rìn, mo sọ ọ́ kí o má baà ní n kò sọ, ẹni tó bá ń wá ìwákúwàá á rí ìríkúrìí. Ṣùgbọ́n kí ẹyẹlé máa yàgbẹ́ sínú ìkòkò tí bàbá mi fi ẹ̀yìn ara wọn dáná sí títí tí ẹ̀yìn náà fi tẹ̀, Ọládèjì, n kò lè fojú mi rí i. Àti fèrè yẹn, má tú u o. Ìpín wa ni. Nígbà tí èmi ń bínú sí i, ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn yòókù máa lọ, pé wọ́n pín irin láàárín ara wọn, wọ́n sì fi ohùn ọkọ àwọn sílẹ̀ fún àwọn. Inú mi bà jẹ́, inú mi sì dùn, n kò mọ èyí tí n óò mú.

Fi owó òróró orúnkún ìyá rẹ rán Àmúdàtù, òun ló mú lẹ́tà yìí wá, di owó náà kó má lè tú u. Má fi sí báńkì. Mo lọ kí owó rẹ níbẹ̀ nígbà kan, wọ́n kọ̀, wọn kò jẹ́ kí n rí i. Fi owó mọ́tò tèmi náà kún un, nítorí n kò ní í wọ lọ́rì Abọ́dúndé. Kó o sì ra bàtà funfun kan ní Tejúòṣó fún ìyá mi, mú èyí tó fẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Wọ́n ní àwọn kò ní í fi ẹsẹ̀ lásán pàdé ọkọ àwọn. Mo ní bí ọkọ̀ náà bá kọ̀ tí kò rìn ńkọ́? Wọ́n ní kí n gbé àwọn sókè sínú rẹ̀, àwọn á jókòó síbi tí Bàbá máa ń dúró sí, àwọn ṣì ń mí, kí Abọ́dúndé gbé òòlù rẹ̀ wá, kó wá pín ogún alààyè.

Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí ohun tó o dáwọ́ lé kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Iná rẹ kò ní í kú, omi rẹ kò ní í gbẹ, aago burúkú yẹn kò sì ní í kan pupa lójú rẹ. Wẹ̀ kó o tó wá pàdé wa.

Èmi ni bàbá rẹ tó jogún fèrè,
Oyèwọlé Àkàngbé.