Ara Le Tí Dókítà Kọ Sílẹ̀

4127 Cedar Bend Drive,
Missouri City, Texas.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, 1986.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ìjọ Òkè Ìmọ́lẹ̀,
Houston, Texas.

Ẹ̀yin Alàgbà,

ÌBÉÈRÈ FÚN FỌ́TÒ EGUNGUN ỌRÙN MI, KÍ DÓKÍTÀ MÌÍRÀN LÈ YẸ̀ Ẹ́ WÒ

1. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlu bọ́ọ̀sì ìjọ wa láti ẹ̀yìn lórí òpópónà márosẹ̀. Èmi àti Ìyá Helen Adéolú ni a jókòó sí ìlà ìkẹyìn.

2. Ní ọjọ́ kejì, ẹ rán àwa méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Dókítà Bíyìí, ọmọ ìjọ wa. Wọ́n ya fọ́tò egungun ọrùn wa. Nígbà tí dókítà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa, ó ní: "Ẹ kú ewu, Mà. Ṣé ara le?" Mo ní ara le, a dúpẹ́. Ìyá Helen náà dáhùn bẹ́ẹ̀. Kò bi wá ní ìbéèrè mìíràn, kò sì fọwọ́ kan ọrùn wa.

3. Nínú ìwé tí ó kọ sí yín, èyí tí mo ti kà, ó ní àwa méjèèjì sọ pé kò sí ibi tó ń dùn wá. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìkíni ni mo dá lóhùn. Ẹni tí a bí, tí a sì tọ́ ní Abẹ́òkúta yẹ kí ó mọ ìyàtọ̀.

4. Ìyá Helen kú ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ó sọ fún mi lórí fóònù pé ife tíì bọ́ lọ́wọ́ òun, òun kò sì mọ ìgbà tí ó bọ́. Èmi kò sọ pé ìjàǹbá náà ló pa á. N kò mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

5. Ìka ọwọ́ òsì mi ló kọ́kọ́ kú, n kò mọ ìfọwọ́kàn níbẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó dé ọrùn ọwọ́. Ní àárọ̀ yìí, ó ti dé ìgbọ̀nwọ́. Ife bọ́ lọ́wọ́ èmi náà lánàá.

6. Dókítà mìíràn ti gbà láti rí mi ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ó ní kí n mú fọ́tò àkọ́kọ́ wá, kí òun lè mọ̀ bóyá egungun náà ti yẹ̀ láti ìgbà náà. Akọ̀wé Dókítà Bíyìí kò fún mi. Ó ní ẹ̀yin lẹ san owó fọ́tò náà, ó di ìgbà tí ẹ bá fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́. Mo ti pe ọ́fíìsì yín lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní àdúrà ń lọ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ mi. Mo dúpẹ́ fún àdúrà. Ìbuwọ́lù ni mo ń béèrè.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìwé àṣẹ náà dé ọ̀dọ̀ Dókítà Bíyìí kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú. N kò fẹ́ bá ọmọ náà ṣe ẹjọ́.

Bí ẹ bá kí mi ní ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, bí mo bá lè wá, n óò dáhùn pé ara le. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo dúpẹ́ pé ẹ ka ìwé yìí.

Ẹni yín nínú ìjọ,

Ọláníkẹ́ Cornelius (Ìyáàfin),
Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì.