Òṣùpá Tí N Kò Rí Tí Mo Kọ Sílẹ̀

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú yàrá mi ní Òṣòdì níbí. Mo kí Màmá, mo kí Ìyá Wàsíù ìyàwó yín kékeré, mo sì kí àwọn àbúrò mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé Tíṣà Láwàní ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan, bó ti wù kó korò tó.

Bàbá, ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn pé ọmọ yín obìnrin ń kọ́ nípa oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Èkó. Òótọ́ ni nígbà tí ẹ sọ ọ́. Kì í ṣe òótọ́ mọ́. Wọ́n ti yọ mí kúrò ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé náà, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n pín ìwé kan fún wa, gbogbo ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ wa sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá yege nínú ìṣirò ní ìwé mẹ́wàá kò gbọdọ̀ jókòó ní kíláàsì náà. Ẹni tó bá pa kíláàsì jẹ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ kò ní ṣe ìdánwò. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí oníkálukú fi ojú ara rẹ̀ wo òṣùpá fún ọgbọ̀n ọjọ́, kó ya bó ṣe rí, kó sì kọ ibi tó dúró sí àti bí ojú ọ̀run ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá wo ìwé ẹlòmíì kọ àti ẹni tó yá a ní ìwé, àwọn méjèèjì máa jáde ni. Mo kà á, mo sì fọwọ́ sí i.

Àwọn tá a jọ ń gbélé rò pé bí a ṣe ń wo kádàrá èèyàn ni wọ́n ń kọ́ wa. Ìyá kan tilẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n wò ó bóyá ọkọ òun máa padà wálé. Mo ní ìṣirò ni à ń ṣe, ó sì bínú sí mi.

Ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe bàjẹ́. Wọ́n ní owó epo ti pọ̀ nílùú, gbogbo èèyàn ló ń rajà, nítorí náà ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ òwú wa ní Ìsọlọ̀ kì í sinmi. Fọ́mánù wa gbé mi lọ sí iṣẹ́ ọ̀sán tí kì í parí títí di aago mẹ́wàá alẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kí n yan iṣẹ́ tàbí ìwé. Bí mo bá jáde, iná ilé iṣẹ́ á ti gba ojú mi, eruku ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe á ti bo ojú ọ̀run, òjò oṣù kẹwàá sì tún dé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni n kò fi rí òṣùpá rárá. Ojú ìwé mọ́kànlá ló ṣófo.

Àǹtí Fẹ́hìntọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfúrufú tó sì ń gbé Àjàó Estate, ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní ní kíláàsì. Òun ló ń fún mi lóúnjẹ nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yá mi ní ìwé rẹ̀. Kò kọ́kọ́ fẹ́, àánú mi ló ṣe é. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Nínú ìkánjú mi, n kò rí i pé ó kọ Kánò sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé mẹ́ta. Iṣẹ́ ló gbé e lọ síbẹ̀, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere lọ́hùn-ún.

Olùkọ́ wa kì í gbóhùn sókè. Nígbà tó ka ìwé wa tán, ó pè mí, ó bi mí pé níbo ni mo dúró sí lọ́jọ́ kan báyìí. Mo ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ni. Ó ní òjò kò dá l'Ékòó lọ́jọ́ náà. Ó wá sọ pé, "Ká ní o kọ ọ́ síbẹ̀ pé òjò ń rọ̀, o ò rí nǹkan kan, máàkì rẹ ì bá pé."

Bàbá, ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run yẹn wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí.

Ó tẹ́ ìwé Àǹtí Fẹ́hìntọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Kò nílò láti bi mí ẹni tó yá mi. A jọ jáde ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ bá olùkọ́ náà. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé màá ní ńṣe ni mo jí ìwé náà, kí wọ́n lè gba Àǹtí padà. Mo dé iwájú rẹ̀, ó wò mí, ó ní ṣé mo ní nǹkan í sọ. Mo ní rárá, mo kàn wá dúpẹ́ ni. N kò lè tún purọ́ kan lé ti àkọ́kọ́.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí Àjàó Estate lọ bẹ Àǹtí. Ẹnu ọ̀nà ló ti dá mi lóhùn. Ó ní, "Mi ò bá ẹ jà, Sàlámátù. Ṣáà má wá síbí mọ́." Ní báyìí, bí a bá pàdé ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé, á wo ibòmíì.

Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó yẹ kí n purọ́ yẹn nítorí Àǹtí? Mo ń bi ara mi lójoojúmọ́, n kò mọ ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí Tíṣà kọ ohun tí ẹ bá sọ, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìbáwí.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kò ní jẹ́ kí ojú tì yín nítorí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn tí ẹ ti sọ̀rọ̀ mi fún, kí ẹ sì sọ èyí náà fún wọn.

Èmi ni ọmọ yín tí kò fẹ́ fi nǹkan kan pamọ́ fún yín mọ́,
Sàlámátù.