Akèrègbè Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Ìdáná Mi

Bàbá Bámiṣe,

Mo kí yín láti ìlú òtútù yìí. Ara mi le, iṣẹ́ ọgbà màálù sì ń lọ dáadáa. Ìka tẹ́ ẹ rí tí mo fi aṣọ dì nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, kì í ṣe nǹkan kan.

Mo rí fọ́tò bọ́tà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láti ilé wa ní Ajue. Ẹ ní Lọ́pẹ́, akọrin ilé àdúrà wa, ló ṣe é fún àwọn ọmọ. Ó ṣeun. Inú mi dùn gan-an. Ṣé ó jẹ́ kí wàrà náà sùn mọ́jú kó tó bu ọ̀rá orí rẹ̀? Bọ́tà tiẹ̀ funfun jù lójú mi. Tèmi máa ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ sì máa ń lá ìka yín.

Mo dá akèrègbè tó fi mi ọ̀rá náà di bọ́tà mọ̀, èyí tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìdáná mi. Èmi ni mo fi òwú dúdú rán ibi tó sán. Ó ń dán nínú fọ́tò, ìyẹn ni pé ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná nìkan la fi ń fọ̀ ọ́, torí ọṣẹ máa ń wọnú rẹ̀. Òórùn ọṣẹ ni bọ́tà tó bá tún ṣe yóò máa mú wá. Ẹ má sọ fún un. Ẹ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ kí Lọ́pẹ́ náà. Ìró tó ró nínú fọ́tò yẹn bá a mu. Ìsàlẹ̀ àpótí mi, nínú yàrá wa, ni mo tọ́jú ìró náà sí.

Èmi ni Ìyá Bámiṣe, ìyàwó yín.