Alárinà inú ìgò ti wọ inú ọṣẹ

Ọmọ mi Hamdalah,

Asalaamu alaekun. Mo kí ọ, mo kí yàrá tí o háyà ní Ìgándò, mo kí onílé rẹ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ní kì í dáhùn ìkíni. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lálọ lábọ̀, omi òjò kò ní wọlé bá ọ lórí ibùsùn lọ́dún yìí. Bí o bá béèrè wa, a wà, baba rẹ wà, eékún ló ń dùn ún, ewúrẹ́ wa bí méjì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí, ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ kò ṣòfò, nítorí náà ibi tí mo bá ti fà á gùn, kí o bá mi kà á gùn bẹ́ẹ̀.

Akínbọ́lá onígbàjámọ̀ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá wa ṣáájì fóònù ló wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní o pè nígbà tí fóònù mi wà lọ́dọ̀ òun, o ṣẹ̀ṣẹ̀ tú báàgì rẹ, o wá rí i pé orí fèrèsé wa lo gbàgbé ìgò kékeré yẹn sí nígbà tí o wálé Iléyá. Ó ní o ní kí n má ṣí i, pé ọdún méje rẹ ló wà nínú rẹ̀, o sì ń sunkún. Ẹkún yẹn dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo bi Akínbọ́lá pé èwo ni ká máa sunkún sínú fóònù tó wà lójú iná, ṣé omi kò ní bà á jẹ́ ni? Ó ní òun náà rò ó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi tètè pa á.

Hamdalah, mo ti ṣí i kí o tó pè. Mú sùúrù, jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, mo bi ọ́ pé kí lo ń kọ́ fún ọdún méje tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ fi ń mú ọmọ lọ síléèwé. O ní irin kan wà tó ń jẹ́ páládíọ̀mù, ó wọ́n bí ojú, ẹ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ hóró rọ́bà dúdú wẹ́wẹ́ kí omi má baà gbé e lọ. O ní bí nǹkan méjì bá wà nínú omi tí wọn kò fẹ́ dara pọ̀, hóró yìí á so wọ́n pọ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní bá wọn lọ, ẹ ó sẹ́ ẹ, ẹ ó ṣàn án, á tún lọ so àwọn mìíràn. Mo ní alárinà nìyẹn, ṣebí bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mọjú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀bá. O rẹ́rìn-ín, o ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. O wá ní tuntun tó wà níbẹ̀ ni pé omi lásán lẹ ń lò, pé ohun olóró tó ń rùn bí epo bẹntiróò ni wọ́n ń fi ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìyá tó bí mi fi omi lásán se ọṣẹ títí ó fi kú, ẹnikẹ́ni kò dé e ní fìlà onígun mẹ́rin.

O tún ní ọ̀jọ̀gbọ́n yín, ẹni tó ń rán ọ lọ ra ẹja ní Ìkọ̀tún kó tó ka ìwé rẹ, yóò jókòó lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí láti wò ó bóyá hóró náà á ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀karùn-ún. Bó bá ṣiṣẹ́, o di dókítà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ó di ọdún mìíràn.

Lọ́jọ́ kẹta tí o lọ, mo gbé ọṣẹ kaná. Òjò ti pa eérú mi, omi eérú tó ro nínú ìkòkò oníhò kò mú rárá, àdín dúró gedegbe lókè, omi dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn bí orogún. Igi ń tán lọ. Mo wo ìgò rẹ. Mo ní àwọn méjì tí kò fẹ́ra wọn nínú omi nìyí, iṣẹ́ tí ọmọ mi kọ́ náà nìyí. Mo ṣe bisimilahi, mo da gbogbo rẹ̀ sí i, mo koná mọ́ ọn. Kò pẹ́ ló dì. Ó dì tó bẹ́ẹ̀ tí asẹ́ kò lè sẹ́ ẹ mọ́. Alárinà kò yẹ̀bá o, ó bá tọkọtaya wọ yàrá.

Mo bá gé ọṣẹ náà sí mọ́kànlá, mo pín in fún ará ilé àti ará àdúgbò. Mo ní kí kálukú dúró sínú ọpọ́n wẹ̀, kó gbọn kànrìnkànrìn rẹ̀ dáadáa, kó fi aṣọ sẹ́ omi ìwẹ̀, kó sì gbé ohun tó bá kù wá fún mi. Baba rẹ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ nítorí rẹ, ó ní òun kò wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà ìgbéyàwó wa. Abraham ará ẹ̀yìnkùlé, tó jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì, gbé tirẹ̀ wá nínú agolo, ó ti gbàdúrà sí i. Tòún ìyàwó àbúrò baba rẹ nìkan ló yọ wá lẹ́nu, ó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lòun ń wẹ̀ lásìkò òjò.

Mo ṣàn án lẹ́ẹ̀méje, mo rọ ọ́ padà. Ìgò kún, ó tún ṣẹ́ kù. O ní kì í dínkù, o kò mọ̀ pé ó máa ń pọ̀ sí i. Jàfárù tó ń kó iṣu lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá ni yóò gbé e fún ọ pẹ̀lú ìwé yìí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, má wo ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ la tẹ̀ lé.

Fi owó ránṣẹ́ fún eékún baba rẹ, nítorí o ní irú dókítà tí o fẹ́ dà kì í wo eékún, kí a lè lọ bá èyí tó ń wò ó. Má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn gba káàdì baba rẹ lọ́dún tó kọjá, a ti lọ kí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò wí nǹkan kan. Jàfárù ni kí o kó o fún.

Ọlọ́run á gbè ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀nà tí o fi ọdún méje gbẹ́ á là fún ọ, wàá fi ojú ire wo èrè rẹ̀, àwa náà á bá ọ jẹ níbẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìkírátù ọlọ́ṣẹ.

Mo fẹ́ gbàgbé. Oríṣi hóró méjì la rí kó jọ. Ọ̀kan kéré, ó rí roboto, ó dúdú, ó ń dán bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀, kò ju ṣíbí kan lọ. Èkejì rí gbágungbàgun, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti eérú, ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ó hàn sí mi pé àwọn kéékèèké yẹn kò tíì gbó. N kò fẹ́ kí ojú tì ọ́ níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí náà àwọn tó ti gbó ni mo rọ kún ìgò fún ọ. Mo ti da àwọn kéékèèké sínú ìkòkò ọṣẹ mìíràn kí wọ́n lè dàgbà.