Bí Mo Ṣe Kó Ọ̀rọ̀ Ọwọ́ Wa Kúrò Nínú Háàdì Tó Ń Kú

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn Ojú.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta.

Ìkejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé eyín wọn ti ń yọ? Ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó ń wú, ṣé ó ti lọ sílẹ̀? Ara tèmi le. Inú ló ń bí mi, ìbínú náà sì ń dùn mọ́ mi lára. Jẹ́ kí n rò fún ọ.

O mọ̀ pé ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ya fídíò àwọn àgbà adití, àwọn tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ adití tí èmi àti ìwọ jọ lọ tó dé. Mẹ́ta nínú wọn ti kú. Inú kọ̀ǹpútà mi nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn kù sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn elétí inú ilé ò tíì gbọ́ nǹkan kan o! Èmi adití ni mo kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ wo ojú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló dojú kọ. Mo ka ẹnu rẹ̀: “Ẹ sọ fún un pé háàdì tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ti ń kú. Màá nu gbogbo rẹ̀ dànù, màá fi tuntun sí i. Ṣebí fídíò ìjùwọ́ lásán ni.” Ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú.

Ara mi gbóná! Mo já bírò gbà, mo kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn ìwé òṣùwọ̀n aṣọ: “ÈMI NI MO NI Í. ÈMI NI KÍ Ẹ BÁ SỌ̀RỌ̀. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ tirẹ̀ sábẹ́: “Ṣé ìwọ lo máa wá ṣe é?”

Mo kọ ọ́ pé, “Èmi náà ni.”

Mo ra háàdì tuntun, mo fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gé àwọn fídíò náà kúrò nínú ti àtijọ́, kí n lẹ̀ wọ́n sínú tuntun, kó lè yá. Mo mirí pé ó tì. Ẹni tí kò tíì kọjá odò kì í bú ọ̀nì. Ẹ̀dà wọn ni mo ṣe, mo fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bá a ṣe dé ìdajì báyìí, iná lọ! Ẹ̀gbọ́n mi káwọ́ lérí. Èmi ń rán bọ́tìnnì mi lọ ní tèmi. Nígbà tí iná dé, fídíò tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ṣí mọ́ nínú tuntun, àmọ́ ó pé pérépéré nínú ti àtijọ́. Mo tún un kó. Mo ka iye tó wà lọ́tùn-ún àti lósì: irínwó ó lé mọ́kàndínlógún, wọ́n dọ́gba. Síbẹ̀ mi ò gbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí mo ti ń wò wọ́n ni ẹ̀gbọ́n mi ti wá dúró sẹ́yìn mi. Ó rí bàbá aránbàtà tó ti kú, tí ọwọ́ rẹ̀ ń fò bí ẹyẹ. Ó bi mí pé kí ni bàbá ń sọ. Mo kọ ọ́ fún un pé tó bá fẹ́ mọ̀, kó lọ kọ́ èdè wa! Ọgbọ̀n ọdún la ti jọ ń gbé, kò mọ̀ ju “wá” àti “jẹun” lọ. Ó jókòó. “Má bínú” ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ, mo sì mú un ṣe é títí ó fi mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá wa, kí o sì fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu. Háàdì mìíràn wà nínú páálí tó bá lẹ́tà yìí wá. Gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀. Tọ́jú rẹ̀ sí ilé rẹ, jìnnà sí ilé mi. Ẹni tó bá fẹ́ pa wá lẹ́nu mọ́ báyìí, ilé méjì ló máa wọ̀.

Èmi ni tìrẹ tí kì í káwọ́ gbera,
Aránṣọ